Ẹ̀bẹ̀ tí A Lọ Bẹ Herbert

Kemta, Abẹ́òkúta,
9 oṣù kẹta, 1987.

Adépéjú ọmọ mi,

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n máa yìnbọn pa àbúrò rẹ. Mo ti sọ ọ́. Mo fẹ́ kọ́kọ́ kí ọ, kí n béèrè òtútù ọ̀hún àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò gbà, èyí tó wà lọ́kàn mi ló kọ́kọ́ jáde. Ó dáa, mo kí ọ báyìí. Ṣé o ń jẹun? Àwọn ará ilé ń kí ọ.

Olúṣẹ̀yẹ wà ní àtìmọ́lé. O mọ̀ pé ó ń wakọ̀ fún àwọn òyìnbó tó ń fọ́ òkúta lọ́nà Alábàtà. Òun ni wọ́n fi sídìí píkọ́ọ̀pù tó ń kó dáínámáìtì tí wọ́n fi ń fọ́ àpáta. Ní ọjọ́ Túsìdeè, ní ọ̀sán gangan, òun àti Mọ́ṣúdù, ọmọ Alhaji Sàlàhúdíìnì aládùúgbò wa, ń kó ẹrù náà bọ̀. Bí wọ́n ṣe yà ní kọ́nà kan, igi ti dábùú ọ̀nà. Àwọn olè jáde látinú igbó. Wọn ò sọ pé “Ẹ dúró,” wọn ò sọ pé “Ẹ bọ́ sílẹ̀,” wọ́n kàn yìnbọn gba inú gíláàsì wọlé ni. Àyà ni wọ́n ti ba Mọ́ṣúdù. Olúṣẹ̀yẹ ní ó fẹ́ sọ nǹkan, ẹ̀jẹ̀ ló ń jáde dípò ọ̀rọ̀, ó sì gbé orí lé òun léjìká bẹ́ẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n wọ́ àbúrò rẹ bọ́ sílẹ̀, wọ́n fi ìdí ìbọn gbá a lẹ́nu, gbogbo eyín iwájú rẹ̀ ló lọ. Ibi tí wọ́n ti ń ṣẹ́rí ọkọ̀ ló ti ráyè sá wọgbó.

O rò pé ó tán níbẹ̀? Ó rìn dé abúlé kan pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lára. Àwọn yẹn ti gbọ́ ìró ìbọn. Bí wọ́n ṣe rí i, “Ọ̀kan nínú wọn rèé!” Kùmọ̀, ọmọ odó, ẹ̀yìn àdá, kò sí ohun tí wọn ò fi lù ú. Obìnrin kan ti gbé kẹrosíìnì dé kí báálẹ̀ tó ní kí wọ́n fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ báálẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ti fi okùn so apá rẹ̀ méjèèjì mọ́ irin fèrèsé, bí ẹran níwájú alápatà, wọ́n ń fi bẹ́líìtì nà án. Mo figbe ta. Ọ̀kan tì mí síta: “Màmá, kọmọ́tù! Ọmọ yín ló ta ọ̀nà fún wọn.”

Ohun tí wọ́n dìmú ni wọkitọ́kì ilé iṣẹ́ wọn. Wọ́n fún awakọ̀ kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀, rédíò ọlọ́wọ́ dání tí wọ́n fi ń bá yàrá rédíò ní Ìbarà sọ̀rọ̀. Òfin ni pé bí nǹkan bá ṣe ọkọ̀ dáínámáìtì, kí awakọ̀ ké síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n kó ọlọ́pàá wá. Ọ̀gbẹ́ni Herbert tó ń jókòó síbẹ̀ ní òun ò gbọ́ ohùn Olúṣẹ̀yẹ rárá. Wọ́n sì bá wọkitọ́kì yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, bátìrì rẹ̀ kún, iná rẹ̀ ń tàn. Ọlọ́pàá ní, “Rédíò ò kú, ìwọ náà ò kú, Mọ́ṣúdù nìkan ló kú. Kí ló dé tí o ò pè?”

Ó ní òun pè. Ó ní òun pè títí ohùn òun fi há, pé Herbert ló ti rédíò òun pa láti ọ́fíìsì. Adépéjú, báwo lèèyàn ṣe máa jókòó sí Ìbarà, tó máa pa ohun tó wà lọ́wọ́ ẹlòmíì nínú igbó? Mo ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, pé irọ́ yẹn ló máa so ó kọ́. Ó wò mí, ó sì yí ojú sí ògiri.

Herbert kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Ọjọ́ Sọ́ńdè tó ṣáájú ọjọ́ náà gan-an, èmi, Alhaji àti Sìlífátù ìyàwó rẹ̀ ṣì lọ bẹ̀ ẹ́ nílé lórí ìwà àfojúdi kan tí àbúrò rẹ hù sí i. Ó gbẹ̀bẹ̀ wa tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó fún wa ní mínírà tútù. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ṣe irú èyí?

Alhaji ò dá mi lóhùn mọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Mọ́ṣúdù. Mo kí i láàárọ̀ àná, ó tutọ́ sílẹ̀, ó kọjá.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìjọba ń ṣe fún olè tó bá gbé ìbọn. Àgbá ni wọ́n ń so wọ́n mọ́, kí wọ́n yìnbọn fún wọn. Ìwọ tí o ń jókòó sídìí rédíò tí wọ́n fi ń pe àwọn awakọ̀ kabúkabú ní London, sọ òótọ́ fún mi. Bó bá jẹ́ irọ́ ni àbúrò rẹ ń pa, kọ̀wé sí i kó jẹ́wọ́, bóyá wọ́n á ṣàánú rẹ̀. Ìwọ ló máa ń gbọ́ tìrẹ. Èmi ò mọ ohun tí mo tún lè ṣe.

Ìyá rẹ,
Mọ́níkẹ́.


London,
27 oṣù kẹta, 1987.

Màmá mi,

Ẹ má jẹ́ kó jẹ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ka gbólóhùn yìí tán, ẹ ká ìwé yìí, kí ẹ sáré lọ sọ fún un, kí ẹ tó padà wá ka ìyókù.

Ẹ kú ìdààmú, ẹ kú ìrọ́jú. Mo sunkún Mọ́ṣúdù. Ẹ bá mi kí Sìlífátù, bí wọ́n bá ṣì ń gba kíkí.

Olúṣẹ̀yẹ ò purọ́. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe lẹ rí yẹn. Tábìlì kan wà níwájú mi, gbogbo awakọ̀ wa ló sì ní nọ́ńbà. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà awakọ̀ kan, tí mo tẹ bọ́tìnnì pupa tẹ̀ lé e, rédíò ọkọ̀ rẹ̀ á kú, ibi yòówù kó wà. Iná rẹ̀ á ṣì máa tàn o! Á máa tẹ̀ ẹ́, á máa pariwo, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ, àfi bí èmi náà bá tún nọ́ńbà rẹ̀ tẹ̀. Torí olè ni wọ́n fi ṣe é, pé bí wọ́n bá jí rédíò kan gbé, kí ẹni tó jí i má lè máa gbọ́ ohun tá à ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sídìí rẹ̀ lè fi jẹ ẹni tó bá wù ú níyà, wọ́n sì ń fi í jẹ èèyàn níyà. Awakọ̀ tó bá bú wọn, wọ́n á pa rédíò rẹ̀, á jókòó sínú ọkọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí èrò kan gbé.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún yín. Ní oṣù kìíní, ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ pa rédíò awakọ̀ kan báyìí. Àwọn ọ̀mùtí tó gbé fọ́ ìgò, wọ́n fi ya ojú rẹ̀ láti etí dé àgbọ̀n. Ó ń ké sí wa, a ò gbọ́. Nígbà tó kúrò ní ọsibítù, irin ló gbé wá. Ó fọ́ gbogbo gíláàsì ọ́fíìsì, ọ̀kan sì ya iwájú orí mi. Wọ́n ti rán an, ó ti san. Ẹ má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rù ìbéèrè yín ni ò jẹ́ kí n kọ ọ́.

Màmá, kí lẹ lọ bẹ Herbert fún? Ẹ kọ ọ́ pé ìwà àfojúdi kan. Ìwà wo? Ṣé ẹ béèrè? Ọmọ yín ní Herbert pa rédíò òun. Ẹ lọ bẹ Herbert ní Sọ́ńdè. Wọ́n yìnbọn ní Túsìdeè. Ẹ wò ó! Mo mọ̀ pé bí a bá ń bẹ àgbà, a kì í béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, a ó kàn dọ̀bálẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èyí, ẹ béèrè rẹ̀. Lọ́wọ́ Olúṣẹ̀yẹ ni kí ẹ ti béèrè, kì í ṣe lọ́wọ́ Herbert.

Ó sì dùn mí pé ọmọ yín sọ òótọ́ fún yín nínú okùn, ẹ ní kó pa ẹnu mọ́.

Èmi ni,
Adépéjú.


Kemta,
2 oṣù kẹrin, 1987.

Adépéjú,

Ṣé o ṣì wà láyé? Èèyàn á kọ irú ìwé tí mo kọ, èsì kankan ò ní dé? Ṣé ìwọ náà ti gbà pé olè ni?

Wọ́n ti lù ú débi pé etí òsì rẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́. Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ó ń yí orí sí mi bí arúgbó. Aṣọ tí mo gbé lọ fún un ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọ́n dá a padà fún mi, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ọn. Mo rẹ ẹ́ sómi, kò bọ́. Mo wá kì í bọ inú aró, ó ti dúdú báyìí, mo sì máa gbé e padà fún un.

Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ sórí bébà kan pé kó fọwọ́ sí i pé òun ló fọ̀nà han àwọn olè. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fọwọ́ sí i kí nínà yẹn lè dáwọ́ dúró. Ó ní, “Màmá, bí mo bá fọwọ́ sí i, ẹ wá máa múra àtigba òkú mi.”

Dá mi lóhùn, torí Ọlọ́run.

Ìyá rẹ.


Kemta,
19 oṣù kẹrin, 1987.

Adépéjú ọmọ mi,

Ìwé rẹ dé lẹ́yìn tí mo ti fi tèmi ránṣẹ́. Má bínú sí gbogbo èyí tí mo kọ. Ṣùgbọ́n gíláàsì ya orí ìwọ náà, láti oṣù kìíní, o sì ń kọ “ara mi le” sí mi nínú gbogbo ìwé? A ó sọ ìyẹn. Ya fọ́tò iwájú orí yẹn, kí o fi ránṣẹ́ sí mi.

Mo ṣe bí o ṣe wí. Ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ ni mo kọ́kọ́ sáré lọ. Kò tíì fọwọ́ sí bébà yẹn. Mo mú ẹnu mọ́ etí rẹ̀ ọ̀tún, mo ní, “Kí lo ṣe fún Herbert?” Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni pé orí mi dàrú. Ó ní òfin òyìnbó ni pé lórí rédíò, kí wọ́n má kí ara wọn, kí wọ́n má pe oyè, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ ní kíá. Torí náà lọ́jọ́ kan tí táyà ọkọ̀ dáínámáìtì bẹ́, ó ní, “Herbert, dáhùn!” Láìfi “ọ̀gá” kún un. Gbogbo awakọ̀ tó ní wọkitọ́kì lọ́wọ́ ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fi Herbert ṣe yẹ̀yẹ́ ní kàntíìnì: “Herbert, dáhùn! Herbert, dáhùn!” Ọjọ́ yẹn ni Herbert pa rédíò rẹ̀. Ó sì ti ṣe é fún àwọn mìíràn rí, bí ẹni náà bá wá dọ̀bálẹ̀ ní ọ́fíìsì, á tún un ṣí. Ìdí rèé tó fi ní kí n mú àgbà lọ bá òun bẹ̀ ẹ́. Èmi ò béèrè. Mo kàn sọ fún un pé, “Ẹ̀gbọ́n rẹ ni, a ó bẹ̀ ẹ́.” Nígbà tí mo dé láti Ìbarà lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn, mo sọ fún un pé, “Ó ti tán, Herbert ti gbẹ̀bẹ̀.” Òun náà gbà pé ó ti ṣí i. Nígbà tó pè lọ́jọ́ Túsìdeè kí wọ́n tó gbéra, tí Herbert ò dáhùn, ó rò pé ó ṣì ń bá òun yodì ni.

Mo gba ilé Alhaji lọ. Bí mo ṣe wọlé ló dìde láti jáde. Mo ní, “Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ìwé tí Adépéjú kọ rèé, òun ló là mí lójú. Ẹ̀bẹ̀ tí a lọ bẹ Herbert, ẹ bá mi sọ ọ́ fún ọlọ́pàá pé lóòótọ́ la lọ.”

Ó ní, “Ìyá Adépéjú, kúrò nílé mi. Ohun tí àgbà fi ẹ̀bẹ̀ parí, èmi kọ́ ni máa lọ tú u sílẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá. Ọmọ tèmi wà nínú ilẹ̀, tìrẹ wà láàyè, kí lo tún fẹ́ gbà?”

Sìlífátù wà nínú yàrá. Kò jáde rí láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ké láti inú ibẹ̀ pé kí n ka ìwé rẹ sókè. Mo kà á. Nígbà tí mo kà á dé ibi tí o ti ní iná rẹ̀ á ṣì máa tàn, ó jáde síta, kò fi gèlè sórí. Ó di ọrùn ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó gbá ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́ ògiri. “Wọ́n ń ké sí èèyàn! Mọ́ṣúdù ń kú, wọ́n ń ké sí èèyàn, Herbert ti ti ẹnu wọn pa! O sì mu mínírà rẹ̀! Èmi náà mu ún!” Alhaji ò lè yọ ara rẹ̀. Èmi ò sì lè là wọ́n.

Báyìí ló ṣe fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti Kemta dé àgọ́ ọlọ́pàá, èmi àti Alhaji ń sáré tẹ̀ lé e. Ọlọ́pàá tó wà lẹ́nu ọ̀nà ní kí ló fẹ́. Ó ní, “Èmi ni ìyá òkú. Ọmọ tí ẹ so mọ́ fèrèsé yẹn kọ́ ló pa á fún mi.” Ó ròyìn gbogbo rẹ̀, Alhaji sì dúró tì í, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀.”

Wọ́n gbé wọkitọ́kì yẹn lọ sí yàrá rédíò. Ọ̀gá ọlọ́pàá tẹ̀ ẹ́, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ níwájú Herbert, kò sí ohùn tó jáde níbì kankan. Ó ní kí Herbert ṣí i. Herbert mọ ibi tó máa tẹ̀. Ohùn ọlọ́pàá bú jáde lórí tábìlì.

Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, “Herbert, o gbẹ̀bẹ̀ wa.” Ó ní, “Mo gbà á, Màmá. Mo kàn fẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀ kí n tó ṣí i.”

Wọ́n fi àbúrò rẹ sílẹ̀ lánàá. Ó wà nínú ilé níbí, kò sùn, kò sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ,
Mọ́níkẹ́.


London,
6 oṣù karùn-ún, 1987.

Màmá mi,

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá mi nígbà tí mo kà á, mo sunkún títí mo fi pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Ẹ bá mi dọ̀bálẹ̀ fún Sìlífátù. Mo mọ̀ pé obìnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ẹ bá mi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Kí ni wọ́n ṣe fún Herbert? Ẹ ò kọ ọ́. Ṣé wọ́n tì í mọ́lé, àbí wọ́n kàn lé e níṣẹ́? Mo béèrè torí pé mo kọ ìwé méjì sí Olúṣẹ̀yẹ, kò dáhùn, òun tí kì í fi ìwé mi ṣeré. Màmá, mo rí ojú awakọ̀ tó gbé irin wọ ọ́fíìsì wa. Kò bú ẹnikẹ́ni kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nǹkan. Ńṣe ló dákẹ́. Bí Olúṣẹ̀yẹ bá dákẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹbí bàbá wa, ibikíbi tó bá jìnnà sí Ìbarà.

Fọ́tò ń bọ̀. Àpá yẹn ò tó bí ẹ ṣe rò.

Adépéjú.


Kemta,
3 oṣù kẹfà, 1987.

Adépéjú mi,

Ọwọ́ òsì ni mo fi ń kọ èyí, fara dà á. Apá ọ̀tún mi wà nínú símẹ́ǹtì àwọn dókítà.

Wọ́n kàn lé Herbert níṣẹ́ ni. Wọ́n ní kò sí òfin tó ní bíbá èèyàn yodì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Àbúrò rẹ gbọ́ ọ, kò wí nǹkan kan. Ìwé rẹ tó ní kí n gbé e jìnnà sí Ìbarà, ilé ló bá mi pẹ̀lú apá tí wọ́n ti dì.

Òun àti àwọn awakọ̀ bíi mélòó kan ló lọ ká Herbert mọ́lé. Sìlífátù rí wọn tí wọ́n ń kọjá, ó sáré wá pè mí nídìí ìkòkò aró. Kí n tó dé ilé Herbert, wọ́n ti wọ́ ọ jáde sí ojúde, wọ́n ti bọ́ ẹ̀wù lára rẹ̀, wọ́n ń sọ pé, “Herbert, dáhùn!” Bó bá ṣí ẹnu, wọ́n á gbá a. Ojú rẹ̀ kan ti jáde. Ìyàwó rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ gbogbo ẹni tó ń kọjá. Irin táyà ló wà lọ́wọ́ àbúrò rẹ. Mo pè é, mo pè é, etí òsì rẹ̀ ló kọ sí mi, kò gbọ́. Mo mọ̀ pé bí irin yẹn bá balẹ̀ lórí Herbert, àgbá tí mo ti tú ọmọ mi kúrò lẹ́bàá rẹ̀ ni wọ́n máa tún so ó mọ́, lọ́tẹ̀ yìí kò sì ní sí irọ́ níbẹ̀. Mo ṣubú lé Herbert. Èmi ni irin náà bà.

Ó gbọ́ bí egungun ṣe kán. Ìyẹn, ó gbọ́ ọ. Ó wò mí, irin bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Herbert wà láàyè. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ò ní pe ọlọ́pàá mọ́, àwọn máa kó lọ sí Ìlaròó. Àbúrò rẹ wà ní oko bàbá yín lọ́nà Alábàtà. Alhaji lọ wò ó, ó bá a tó ń fi òkúta lu ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ títí ìka rẹ̀ fi fọ́. Ó ní ọwọ́ tó lu ìyá òun, kí lòun tún fẹ́ fi í ṣe. Oúnjẹ tí mo fi ránṣẹ́, kò jẹ ẹ́. Mo ránṣẹ́ pé mi ò bínú, ó ní ìyá ni mí, kí ni mo tún máa wí. Ọwọ́ kan ṣì kù fún un, Adépéjú, mi ò sì mọ ohun tó máa fi í ṣe.

Ìwọ ló máa ń gbọ́ tìrẹ. Kọ ọ́ sí i lórúkọ ara rẹ̀, Alhaji á gbé e dé oko. Má kọ ọ́ pé mi ò bínú, kò ní gbà á gbọ́. Kọ ọ́ pé inú ń bí mi gidigidi, pé aṣọ wà nínú aró, mi ò lè fi ọwọ́ kan fún omi rẹ̀, òun sì jókòó sí oko dípò kó wá bá mi ṣe é. Bú u bí o ṣe máa ń bú u. Má ṣe jẹ́ kó pẹ́ bí ti ìṣáájú. Lọ́jọ́ tí èyí bá dé ọwọ́ rẹ, kí o tó bọ́ bàtà, jókòó kí o kọ ọ́.

Ìyá rẹ,
Mọ́níkẹ́.